Màmá Tún-un-sọ àti Ẹ̀rọ Tó Ń Yan Ọ̀nà

Kò sí ẹni tó lè rán Màmá Tún-un-sọ níṣẹ́ kó má gbọ́ iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá ní kó bá ọ sọ fún ìyàwó rẹ pé o máa pẹ́ kó o tó délé, á wò ọ́ lójú, á ní, "O ní kí n sọ fún ìyàwó rẹ pé o máa pẹ́ kó o tó délé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Àfi bí o bá dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni" kó tó gbé ẹsẹ̀. Bí òun náà bá rán èèyàn níṣẹ́, ẹni náà gbọ́dọ̀ kà á padà fún un. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Káfíńtà nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ti ń kà á padà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Bí ìyàwó bá ní kó ra ọṣẹ, kó sì ra gílóòbù iná, á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ ilé ìwé, á ní, "Ọṣẹ. Gílóòbù. Ṣé kí n máa lọ, ọ̀gá?" Àwọn aládùúgbò a máa fi í rẹ́rìn-ín, àmọ́ nínú gbogbo ọkọ tó wà ládùúgbò yẹn, òun nìkan ni kì í gbàgbé ohun tí wọ́n rán an.

Iṣẹ́ ológun ló kọ́ obìnrin yìí ní àṣà náà. Ìdí rédíò ló jókòó sí ní gbogbo ọdún tó fi ṣe sójà. Nídìí rédíò, ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ kì í sáré lọ jẹ́ iṣẹ́. Á kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ẹni tó fi í ránṣẹ́, onítọ̀hún á ní "Bẹ́ẹ̀ ni", ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di àṣẹ. Sájẹ́ǹtì tó kọ́ wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, a máa sọ pé ọ̀rọ̀ tí o kò tíì fi ẹnu ara rẹ sọ, o kò tíì gbọ́ ọ. Sájẹ́ǹtì ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ ṣì ń jẹun nílé Káfíńtà.

Nígbà tí Màmá fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ìsinmi ò bá a lára mu rárá. Kò pẹ́ tó fi to gbogbo ìkòkò ilé, tó tú u, tó tún un tò. Ó kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà nídìí ẹ̀rọ omi. Káfíńtà náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà náà ni Màmá gbọ́ pé àwọn kan ní yunifásítì ń wá ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ rédíò nínú ológun, kó wá máa bá wọn jókòó nídìí kọ̀ǹpútà. Kò béèrè iye tí wọ́n máa san kó tó wọ bàtà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìyí. Ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ lè gba gbogbo ìsọfúnni tó ń wọlé fún àwọn ológun, kó tú u wò fínnífínní, kó sì máa ti ibẹ̀ ṣe ìpinnu. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń yìnbọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa yan ọ̀nà fún àwọn ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ, epo àti oògùn lọ fún àwọn sójà. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀gá ló ń ṣe é: wọ́n á tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n á máa jiyàn láti àárọ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù lọ lá borí. Ẹ̀rọ yìí kì í pariwo ní tirẹ̀. Ó mọ ibi tí òjò ti rọ̀, ó mọ afárá tó ti ń mì, ó mọ ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti ń jẹ, ó mọ báráàkì tí epo ti ń tán lọ, kí tíì inú ife tó tutù ó ti sọ ọ̀nà tí oníkálukú máa gbà. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba gùn débi pé kò sẹ́ni tó ń pè é tán. "Àbúrò" ni wọ́n ń pè é nínú yàrá.

Ṣùgbọ́n ìjọba ti sọ ọ́ kí wọ́n tó tú owó sílẹ̀ pé Àbúrò ò gbọ́dọ̀ dá pàṣẹ. Èèyàn ẹlẹ́ran ara gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín. Bí Àbúrò bá mú àbá wá, tó sì tẹ́ ẹni náà lọ́rùn, á tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, ọkọ̀ á gbéra. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tẹ pupa, gbogbo nǹkan á dúró. Orí àga ẹni tó máa tẹ bọ́tìnnì yìí ni wọ́n gbé Màmá lé.

Yàrá náà ti fìgbà kan rí jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti kán sí. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ó kọjú sí táńkì omi. Fáànù rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lójoojúmọ́ ayé, wáyà kọ̀ǹpútà sì kún ilẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ máa gbé ẹsẹ̀ sókè. Olórí ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́, dókítà ìwé ni. Òun ló ro Àbúrò láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ló sì ń gbé e kiri bí ọmọ tó kọ̀ tí kò tètè rìn. Igbá kejì rẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì, tó ń fi aago wọn ohun gbogbo, títí kan bí omi tíì ṣe ń pẹ́ tó kó tó hó.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀. Àbá á jáde lójú kọ̀ǹpútà, á gbé orí sókè, á ní, "Àbúrò ní kí àwọn ọkọ̀ epo gba ọ̀nà etídò kí òjò tó dé." Á rò ó, á wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," kó tó tẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ó kúkú wà lójú kọ̀ǹpútà," Onígíláàsì sọ. "Ojú ni wọ́n fi ń ka nǹkan báyìí."

"Ojú máa ń tan èèyàn, ọmọ mi. Ẹnu mi ò tàn mí rí."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní orúkọ náà, Màmá Tún-un-sọ. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní ó sàn ju èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rédíò ń pè é nígbà kan lọ, kò sì sọ ohun tí wọ́n ń pè é fún ẹnikẹ́ni.

Nǹkan kan wà tí Dókítà nìkan mọ̀ nínú wọn. Àbíkẹ́yìn Màmá, ọmọ tó fi pa ilẹ̀kùn ọmọ bíbí dé, sójà lòun náà, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ fún àwọn báráàkì tó jìnnà ló sì ń wà. Ìyẹn ni pé bí ìjọba bá fọwọ́ sí Àbúrò, tó jáde nínú yàrá yìí bọ́ sójú ọ̀nà gidi, lára àwọn tí yóò máa darí ni ọmọ Màmá. Bí ìjọba ò bá sì fọwọ́ sí i, wọ́n á ti ilẹ̀kùn yàrá, wàhálà tí Dókítà ti ṣe láti ọdún wọ̀nyí á wọmi, Màmá á padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Ó fẹ́ kí owó náà dé. Ó sì fẹ́ kó jẹ́ pé ohun tí owó náà máa gbé jáde jẹ́ ohun tí òun lè fi ọmọ òun lé lọ́wọ́. Kò lè sọ èyí nílé, torí ó ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní sọ ohun tí òun ń ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí Káfíńtà mọ̀ kò ju pé ìyàwó òun ń lọ síbì kan, ó ń tẹ nǹkan.

Nígbà tí owó àkọ́kọ́ ń lọ sópin, ilé iṣẹ́ ètò ààbò ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ náà lójú ara àwọn kí àwọn tó fọwọ́ sí owó kejì. Wọ́n máa kó ọkọ̀ gidi jáde ní pápá ìdánrawò àwọn sójà, Àbúrò á máa darí wọn láti inú yàrá, àwọn àlejò á máa wò. Àwọn ilé ìwé mìíràn náà ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, owó náà ò sì lè kárí gbogbo wọn. Wọ́n tún gbọ́ pé níbòmíràn, wàrà-ǹ-ṣeṣà ni ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ẹ́. Ọkàn Onígíláàsì ò balẹ̀ mọ́. Ó ya àwòrán kan sára ògiri tó fi hàn pé Àbúrò yára, rédíò yára, awakọ̀ yára, ibì kan ṣoṣo tí nǹkan ti ń falẹ̀ ni ẹnu Màmá.

"Mi ò fi yín ṣẹ̀sín o, Màmá," ó ní, "àmọ́ ẹnu yín ló ń dá wa dúró."

"Ẹnu mi ti dá ẹni tó jù ọ́ lọ dúró," Màmá dá a lóhùn, ó sì ń mu tíì rẹ̀ lọ.

Dókítà ò bá a jiyàn. Ó dúró títí Onígíláàsì fi jáde, ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, láàárín àwọn wáyà, níbi tó máa ń jókòó sí bí ọ̀rọ̀ bá ká a lára. Níwájú èèyàn, ọ̀gá ni Màmá ń pè é. Bó bá ku àwọn méjèèjì, ọmọ ni.

"Màmá, mo fẹ́ bẹ̀ yín."

"Mo ti mọ̀. Kí n panu mọ́."

"Lọ́jọ́ yẹn nìkan. Ẹ kàn fi ojú kà á, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí owó bá ti dé, ẹ máa kà á sókè títí táńkì ìta yẹn á fi gbọ́. Tí kò bá wá dé..." Ó fi ìka kan wáyà tó wà nílẹ̀. "Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè gbé iṣẹ́ yìí lọ, Màmá."

Màmá wò ó. Àpò aṣọ ọmọ kékeré tí Dókítà ń tọ́ wà lábẹ́ tábìlì, torí láti ibi iṣẹ́ ló ti máa ń lọ gbé ọmọ náà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Àánú rẹ̀ ṣe Màmá gan-an, torí ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi ṣe nǹkan àṣírí.

"O ní kí n má kà á sókè lọ́jọ́ tí àwọn àlejò bá dé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mo gbọ́."

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, Àbíkẹ́yìn pè wọ́n lórí fóònù. Òfin ilé ni pé ọmọ tó bá rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ pè láti sọ pé òun ti dé, Àbíkẹ́yìn sì ń ka báráàkì sí ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ kó tó pè. Ó ní ọ̀gá kan ló ní kí wọ́n gba ọ̀nà kan, ọ̀nà ọ̀hún já sínú ẹrọ̀fọ̀, inú ọkọ̀ ni wọ́n sùn mọ́jú.

"Ṣé ó yé yín kí ẹ tó gbéra?" Màmá béèrè.

"Kò yé ẹnì kankan, Màmá. Wọ́n sọ̀rọ̀, a kàn gbéra ni."

"Kò sẹ́ni tó tún un sọ fún un?"

"Ayé ti kọjá ìyẹn, Màmá. Ta ló tún ń tún nǹkan sọ?"

"Èmi ni!" Káfíńtà kígbe látorí àga rẹ̀. Ọmọ rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìyá ò dé eyín.

Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, Káfíńtà wojú ìyàwó rẹ̀. Ó bi í pé ṣé iṣẹ́ títẹ̀ yẹn ló ń dà á láàmú.

"Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́."

"Kí ìwọ má sọ̀rọ̀?" Káfíńtà gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò. "Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́ ṣá?"

Ọjọ́ náà pé. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan ló ṣáájú àwọn àlejò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í yára fèsì. Àwọn méjì láti ilé iṣẹ́ ìjọba tẹ̀ lé e, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sókè lórí wáyà bí àwọn ará ilé. Wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà ńlá kan kọ́ sára ògiri, ó ń fi àwọn ọkọ̀ tó wà ní pápá hàn wọ́n. Dókítà ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wọn. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀: ó dùn mọ́ Màmá. Àbá á jáde, ojú rẹ̀ á sáré gbà á kọjá, ìka rẹ̀ á tẹ aláwọ̀ ewé, ọkọ̀ á gbéra lára ògiri. Òmíràn á tún jáde. Onígíláàsì ń wo aago rẹ̀, ẹ̀rín ti gba gbogbo ẹnu rẹ̀. Àwọn ará ilé iṣẹ́ ìjọba ń mi orí síra wọn. Màmá rò ó pé àṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí, kí lòun wá ń fi ẹnu òun da ara òun láàmú sí láti ọjọ́ yìí wá. Ọwọ́ rẹ̀ yá sí i.

Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ṣàdédé gbìyànjú láti rántí èyí tó tẹ̀ kẹ́yìn. Kò rántí. Ọkọ̀ wo ni? Ọ̀nà wo ni? Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì, ó dá a lójú pé òun ló tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó fọwọ́ sí ti parẹ́ lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ kan ti gbéra lórí pápá yẹn nítorí òun, ọmọ ọlọ́mọ wà nínú rẹ̀, òun ò sì lè sọ ibi tí òun rán wọn lọ. Ẹ̀rù bà á. Nínú gbogbo ọdún tó fi ṣe sójà, irú ẹ̀rù yẹn ò bà á rí.

Òmíràn ti jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ẹnu rẹ̀ là kó tó mọ̀.

"Àbúrò ní kí àwọn ọkọ̀ oògùn kúrò ní ọ̀nà afárá, kí wọ́n gba inú igbó."

Ohùn rédíò àtijọ́ ló fi sọ ọ́, ó kún yàrá. Gbogbo ojú yí sí i. Dókítà di ojú tirẹ̀. Màmá dúró kí "Bẹ́ẹ̀ ni" wá látinú ara rẹ̀, kò wá. Afárá yẹn lágbára, òun ti ń wò ó láti àárọ̀. Òjò ti ṣú sójú ọ̀run pápá, ilẹ̀ lásán tí kò ní ọ̀dà sì ni ọ̀nà inú igbó. Ó rántí ọmọ rẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Ó tẹ pupa.

Lára ògiri, gbogbo ọkọ̀ dúró. Fáànù ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí tí Àbúrò fi sọ bẹ́ẹ̀, torí nígbà náà Àbúrò kì í sọ ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àfi kí wọ́n wọnú rẹ̀ lọ tú u jáde, ìyẹn sì ń gba àkókò. Wọ́n dúró. Ọ̀kan lára àwọn àlejò wúkọ́. Nígbà tó yá, ohùn kan wọlé lórí rédíò láti pápá: ọkọ̀ tánkà kan ti yẹ̀ sórí afárá, táyà iwájú rẹ̀ ló bẹ́, ohunkóhun ò lè kọjá. Àbúrò ti rí i pé tánkà náà ò rìn mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Àbúrò ló tọ̀nà. Màmá ló ṣì í. Onígíláàsì gbé orí lé tábìlì.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì dìde, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá.

"Ẹ̀yin lẹ dá wọn dúró, Màmá?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Mo kà á sókè, kò yé mi. Bí nǹkan ò bá yé mi, mi ò lè rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sídìí ẹ̀."

"Ẹ̀rọ yìí ló tọ̀nà o."

"Mo ti rí i báyìí, sà. Ó ti wá yé mi." Ó yí sójú kọ̀ǹpútà, kò gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àbúrò ní kí àwọn ọkọ̀ oògùn gba inú igbó, torí tánkà ti dí orí afárá. Bẹ́ẹ̀ ni." Ó tẹ aláwọ̀ ewé. Àwọn ọkọ̀ gbéra.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ò tíì kúrò níbẹ̀. "Láti àárọ̀, ẹ ò kà á sókè. Èwo lẹ tẹ̀ kẹ́yìn kí ẹnu yín tó là?"

Ó lè parọ́. Ọkọ̀ pọ̀ lára ògiri, ó lè fi ìka kan èyí tó bá wù ú, ta ni ì bá mọ̀?

"Mi ò rántí, sà," ó ní. "Ìdí tí ẹnu mi fi là nìyẹn. Mo ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ mi ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ta ló ní kí ẹ má kà á?"

Ẹni tí wọ́n ní kó panu mọ́ láti àárọ̀ wá ríbi panu mọ́ sí. Dókítà ló gbé ẹsẹ̀ sókè lórí wáyà, tó wá dúró níwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì. "Èmi ni, sà. Mo fẹ́ ká yára ni."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì mi orí. Ó ní àwọn ti rí ohun tí àwọn wá wò, wọ́n sì lọ láìmu tíì.

Inú bí Dókítà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó ń kí Màmá láàárọ̀, ó ń dágbére fún un nírọ̀lẹ́, kò sí nǹkan mìíràn láàárín. Onígíláàsì ti ń ká àwọn wáyà tí kò wúlò jọ sínú páálí. Ó ká Màmá lára, ó sì lọ bá Dókítà nídìí tábìlì rẹ̀.

"Mo ṣèlérí fún ọ, mo bà á jẹ́. Ìyẹn ni mo wá tọrọ àforíjì lé lórí, má bínú sí mi. Mi ò tọrọ àforíjì fún bọ́tìnnì o. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu ọ̀hún ni mo kọ́kọ́ gbé sílé."

"Àmọ́ ẹ ṣì í, Màmá. Àbúrò ló tọ̀nà."

"Mo ṣì í. Lọ́la, màá tún dá a dúró tí kò bá yé mi."

Dókítà yí padà sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ yẹn ló ti padà ń bu tíì fún un.

Ìròyìn dé nígbà tí wọ́n ti ń gbàgbé láti máa retí rẹ̀. Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń sáré lórí ọ̀rọ̀, kò wọlé, kò jáde.

"Kà á sókè," Màmá ní.

Dókítà kà á sókè. Ìjọba ti fọwọ́ sí owó kejì fún wọn. Wọ́n ní níbi gbogbo tí àwọn dé, aláwọ̀ ewé ni ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ń tẹ̀ látòkèdélẹ̀, àwọn ò sì lè mọ̀ bóyá èèyàn ló jókòó síbẹ̀ àbí àga nìkan. Níbí nìkan ni àwọn ti rí ẹni tó dá ẹ̀rọ dúró, tó sọ ìdí rẹ̀, tó sì jẹ́ kó máa lọ nígbà tó yé e. Fún ìdí èyí, àwọn fẹ́ nǹkan méjì kí Àbúrò tó bọ́ sójú ọ̀nà: kó máa sọ ìdí àbá rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé má sì tan iná títí ẹni tó jókòó á fi fi ẹnu ara rẹ̀ ka àbá náà sókè. Dókítà kà á débẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín wáyà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún un sọ," Onígíláàsì ní, ó sì tú páálí wáyà rẹ̀ dà sílẹ̀.

Onígíláàsì fúnra rẹ̀ ló kọ́ Àbúrò bí yóò ṣe máa gbọ́ ohùn èèyàn. Iṣẹ́ náà dára débi pé lọ́jọ́ kan tí ọ̀fìnkìn mú Màmá, tó fẹ́ dọ́gbọ́n fi ojú kà á kó sì tẹ̀ ẹ́, bọ́tìnnì kọ̀ kò tan. "Ìwọ ọmọ yìí!" Màmá pariwo mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ha ọ̀fun, ó kà á sókè. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Nígbà tí àwọn ológun wá gbé Àbúrò lọ sójú ọ̀nà, òun ni wọ́n pè láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ sójà tí yóò máa jókòó sídìí rẹ̀. Ó kọ́ wọn pẹ̀lú ohùn sájẹ́ǹtì kúkúrú yẹn.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá ń ká aṣọ tó ti gbẹ, Káfíńtà ń tún ẹsẹ̀ àpótí kan ṣe nínú àgbàlá, fóònù dún.

"Màmá, ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kan dé ọ̀dọ̀ wa," Àbíkẹ́yìn ní, inú ń bí i. "Ẹ̀rọ ọ̀hún ń yan ọ̀nà, kò burú. Àmọ́ ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀, bí kò bá tíì fi ariwo ka gbogbo ẹ̀ tán, a ò lè lọ! Ó tún ń ṣe bíi tiyín gẹ́lẹ́. Láàárọ̀ yìí, ó kà á, ó ní kò yé òun, ó dá wa dúró. Oòrùn pa wá! Ta ló tiẹ̀ lè jókòó ro irú òfin báyìí?"

Màmá gbé aṣọ sílẹ̀. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n wádìí ẹ̀, ó yé e, ó ní ká máa lọ. Mo ti délé."

Màmá gbé fóònù mọ́ etí dáadáa. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Káfíńtà gbé òòlù dúró, ó ń wò ó.

"Tún un sọ," Màmá ní.

"Èwo nínú ẹ̀, Màmá? Gbogbo ẹ̀?"

"Èyí tó gbẹ̀yìn."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ò lè yí padà mọ́ láyé. "Mo ti délé, Màmá."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Màmá dáhùn.